Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùkọ́ Tí Ń Gba Akẹ́kọ̀ọ́ Nímọ̀ràn ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà: Ẹ̀kọ́ Nípa Ilẹ̀ Kì Í Ṣe Gbà-Má-Bínú

Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin olùkọ́ tí a fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ wa lé lọ́wọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjì mìíràn mọ́ ìgbaninímọ̀ràn, tí ó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà yàrá olùkọ́ tàbí abẹ́ igi ni ẹ ti ń dá ọmọ lóhùn nípa ohun tí yóò fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, n kò fi lẹ́tà yìí fẹ̀sùn kan yín. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá, mo sì ń sọ ọ́ síta gbangba kí àwọn òbí náà lè gbọ́: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ máa jẹ́ ibi tí ọmọ ń bọ́ sí nígbà tí ibi tí ó fẹ́ bá ti kọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó tó kọ orúkọ ẹ̀kọ́ kankan sínú fọ́ọ̀mù JAMB.

Èmi alára, mo bọ́ sí i ni. Iṣẹ́ dókítà ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù, nítorí pé mo mọ kẹ́mísírì ní kíláàsì wa, olùkọ́ tí ó gbà mí nímọ̀ràn sì sọ pé ọmọ tí ó bá mọ kẹ́mísírì, dókítà ni. Máàkì mi kò tó. Wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, nígbà tí ó sì tó àsìkò láti yan ẹ̀ka, ẹ̀ka ilẹ̀ ni àyè ṣì wà. Mo rántí ọjọ́ tí mo sọ fún ìyá mi. Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ nínú atẹ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ọkọ́ tí bàbá rẹ ń gbé ní ìdí kòkó láti ọjọ́ yìí wá, ṣé yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ ọ láti gbé e?" Odindi ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ó tó sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ pé ọmọ òun ti wọ yunifásítì. Nígbà tí mo lọ kí olùkọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Má bínú, ó sàn ju kéèyàn jókòó sílé lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ̀kan náà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, láti ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun kan náà ni olùkọ́ kálukú wọn sọ fún wọn, bí ẹni pé inú ìwé kan ni gbogbo yín ti ń kà á.

Ohun tí ó yí ọkàn mi padà kì í ṣe ìwé. Kòtò ni. Olùkọ́ wa kan kó wa lọ sí oko yunifásítì, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò kan sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Jíjìn rẹ̀ tó mítà 2, wọ́n sì gbẹ́ ẹ lọ́nà tí oòrùn fi ń tàn sí ojú kan nínú rẹ̀. Ó ní kí a wọlé ní méjì-méjì. A lóṣòó níwájú ògiri ilẹ̀ náà bí Òṣómàáló tí ó wá gba owó aṣọ, ó fi ọ̀bẹ lé wa lọ́wọ́, ó sì ní kí a máa ha á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí a sì máa fetí sí ìró ọ̀bẹ. Ní òkè pátápátá, ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ààbọ̀, ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, ó kún fún gbòǹgbò wẹ́wẹ́ àti ojú ọ̀nà ekòló, ọ̀bẹ sì ń wọ̀ ọ́ bí ẹni ń gé ẹ̀kọ. Nísàlẹ̀ ìyẹn, ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lára yangí àti òkúta funfun wẹ́wẹ́. Nígbà tí a dé ìwọ̀n ìbàdí, òkúta dín kù, amọ̀ pupa dé, ibi tí ọ̀bẹ bá sì ti gbà kọjá lára rẹ̀ a máa dán. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni a ti rí àpáta tí ó ti jẹrà: àwọ̀ àti ìlà àpáta ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wíwó ni ó ń wó.

Olùkọ́ náà bu omi díẹ̀ sí amọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní kí n pò ó, kí n sì máa tì í jáde láàárín àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e, bí ìgbànú tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìgbànú yìí bá ṣe gùn tó kí ó tó já ni amọ̀ inú ilẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Ilẹ̀ oníyanrìn kì í tilẹ̀ ṣeé fà. Lẹ́yìn náà ni ó mú ìwé kékeré kan jáde tí wọ́n to àwọn àwọ̀ sí bí àwọ̀ ọ̀dà tí ọlọ́dà ń fi han oníbàárà. Munsell ni wọ́n ń pè é. Pupa tí gbogbo wa ti ń pè ní pupa lásán láti kékeré, ìwé yìí pè é ní 2.5YR, ó tún fi nọ́ńbà méjì mìíràn sọ bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó àti bí pupa rẹ̀ ṣe ki tó, kí ẹni tí ó wà ní Jámánì lè mọ irú pupa tí mo ń sọ láì fojú rí i. Mo jáde nínú kòtò náà pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní orúnkún, mo sì gbàgbé láti máa bínú sí JAMB.

N kò fẹ́ mú ìtàn adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí ó tan erùpẹ̀ ká orí omi wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò sí àpèjẹ kan ní Ifẹ̀ tí wọn kì í ti í sọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ìwé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kún fún orúkọ àwọn ìlú wa. Nígbà tí Smyth àti Montgomery tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1962 lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, orúkọ ìlú àti abúlé agbègbè yìí ni irú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Ilẹ̀ Ìwó ni èyí tí ó ti ara àpáta oníhóró ńlá jáde. Ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá ni ti àpáta oníhóró kéékèèké. Ilẹ̀ Àpòmù ni yanrìn tí ọ̀gbàrá ti wọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ilẹ̀ Ìtagúnmódì, ní ẹ̀bá Iléṣà níhìn-ín, ni amọ̀ pupa tí ó jìn, tí òkúta inú rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ó ti ara àpáta dúdú jáde, èyí tí kòkó fẹ́ràn nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ tó mítà 1.5 láì kan àpáta, tí amọ̀ náà sì ń di omi mú de ọ̀gbẹlẹ̀. Ọmọ Ìtagúnmódì kan lè wà ní yunifásítì lókè òkun, kí ó ṣí ìwé, kí ó sì bá orúkọ abúlé ìyá rẹ̀ pàdé níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ilẹ̀. Láti orí òkè kan ní Ifẹ̀ dé àkùrọ̀ tí ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ìrìn tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ilẹ̀ lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn bàbá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbin iṣu sí ibi tí wọ́n bá gbin ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn sí. Ohun tí yunifásítì fi kún un ni ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọṣẹ dúdú ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá mi àgbà a máa kó èèpo kòkó jọ lóko, a sá a gbẹ, a sun ún di eérú, a fi omi sẹ́ eérú náà, omi tí ó bá sì sẹ́ jáde ni yóò fi se ọṣẹ pẹ̀lú àdín. Ohun tí ó mú kí eérú yẹn lè di ọṣẹ ni pọ̀tásíọ́mù tí ó pọ̀ nínú èèpo kòkó, inú ilẹ̀ oko sì ni igi kòkó ti fà á. Ìyẹn ni pé ní ọdọọdún tí a bá kó èèpo kúrò lóko, oúnjẹ ilẹ̀ ni à ń kó lọ sí ibi ìwẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń dá a padà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọṣẹ dúdú mọ́. Èmi náà ń fi í wẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni ó lè yẹ ilẹ̀ oko kan wò, kí ó sọ fún àgbẹ̀ pé ti ọdún yìí, jẹ́ kí èèpo náà jẹrà dáadáa kí àrùn inú rẹ̀ kú, kí o sì dá a padà sí ìdí igi, nítorí pé pọ̀tásíọ́mù oko rẹ ti ń tán lọ. Ọmọ tí ó mọ kẹ́mísírì ni ó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò di dandan kí ó jẹ́ dókítà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ òyìnbó, tí owó rẹ̀ ń ká àgbẹ̀ lára. Nínú àpò NPK 15-15-15 tí ó jẹ́ kìlò 50, náítírójìn, tí ó jẹ́ ọ̀kan lára oúnjẹ ilẹ̀ mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀, kò ju kìlò 7.5 lọ. Nínú àpò yùríà, ajílẹ̀ tí ó jẹ́ pé náítírójìn nìkan ni oúnjẹ ilẹ̀ inú rẹ̀, tí ó wúwo bákan náà, kìlò 23 ni. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé náítírójìn nìkan ni ó kù kí ilẹ̀ àgbàdo kan ní, kí a kàn sọ pé kìlò 60 fún hẹ́kítà kan, àpò NPK 8 ni àgbẹ̀ yóò rà kí ó tó pé, nígbà tí ó jẹ́ pé yùríà tí kò pé àpò 3 ti tó. Ìṣirò kíláàsì SS1 ni, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láì tíì yẹ ilẹ̀ wò. Yíyẹ ẹ́ wò náà ní ọ̀nà tirẹ̀: a kì í bu erùpẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo. Ibi bíi 15 sí 20 ni a ó ti bù ú káàkiri oko ní wọ́gọwọ̀gọ, ní jíjìn sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí 20, a ó pò ó pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó mọ́, a ó mú ìwọ̀n ààbọ̀ kìlò nínú rẹ̀, a ó sá a sábẹ́ òjìji, a ó fi asẹ́ olójú mílímítà 2 jọ̀ ọ́, kí a tó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá bu erùpẹ̀ ní ẹ̀bá ibi tí màlúù sùn sí, tí ó wá gbé e fún mi pé gbogbo oko òun nìyí, èsì ìgbẹ́ màlúù ni yóò gbà.

Níbo wá ni ọmọ náà yóò ti ṣiṣẹ́? Ìbéèrè òbí nìyí, ó sì tọ́ kí wọ́n bi í. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa: ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IITA ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1967, ti kòkó, CRIN, wà níbẹ̀, IAR&T tí ó so mọ́ yunifásítì Ifẹ̀ náà sì wà ní Moor Plantation. Rattan Lal, ọmọ Íńdíà, ṣiṣẹ́ ní IITA yìí láti ọdún 1970 dé 1987. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ni ó ti ń wo bí òjò ṣe ń wọ́ ilẹ̀ lọ àti ohun tí ó lè dá a dúró, bíi kí a má máa tú ilẹ̀ kí a tó gbìn, kí a sì fi ewéko bò ó. Ní ọdún 2020 wọ́n fún un ní World Food Prize, ẹ̀bùn tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń fojú sọ́nà fún jù lọ láyé. Èmi kò sọ pé gbogbo ọmọ yín ni yóò gba ẹ̀bùn. Mo ń sọ pé ọkọ̀ láti Ifẹ̀ dé ibi tí ẹni yẹn ti ṣe iṣẹ́ náà kì í gba wákàtí méjì bí ọ̀nà bá dára, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ fún mi nígbà tí mo wà ní SS3.

Iṣẹ́ tí ó tún wà nítòsí ju ìyẹn lọ wà ní ẹ̀yìnkùlé ẹ̀yin ará Iléṣà. Wọ́n ti ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ẹni tí ó bá sì gba apá Ìtagúnmódì tàbí Igun kọjá mọ ohun tí mo ń sọ: kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, omi pupa nínú wọn, ilẹ̀ dúdú tí ó wà lókè tẹ́lẹ̀ ti lọ sí ìsàlẹ̀, amọ̀ àti òkúta sì ti wà lókè níbi tí igbó kò fẹ́ hù sí mọ́. Kí ilẹ̀ òkè tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 tó dá ara rẹ̀ padà, ó lè gbà tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Iṣẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ ni láti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun, kí ó sọ pé kí wọ́n kó ilẹ̀ òkè sọ́tọ̀, kí wọ́n má dà á pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà gbẹ̀yìn nígbà tí wọ́n bá ń dí kòtò. Òun náà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mẹ́kúrì olóró tí àwọn kan fi ń fọ wúrà ti wọ inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Láti ọdún 1992 ni òfin ti sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ipa iṣẹ́ ńláńlá lórí àyíká wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì máa ń wà nínú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Ògóni, níbi tí epo rọ̀bì ti ba ilẹ̀ jẹ́, tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé ìjábọ̀ jáde lé lórí ní ọdún 2011, ilẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀.

Àwọn tó kù, n ó sáré mẹ́nu bà wọ́n. Àwọn tí ń po ajílẹ̀ pọ̀ nílò ẹni tí yóò sọ ìwọ̀n fún wọn. Àwọn oko ọ̀pẹ ńlá nílò ẹni tí yóò ya àwòrán ilẹ̀ kí wọ́n tó gbìn, ọmọ tí ó bá sì fẹ́ràn kọ̀ǹpútà lè jókòó ti àwòrán sátẹ́láìtì kí ó máa ya irú àwòrán yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ṣì ní láti wọ kòtò kí ó lè mọ̀ bóyá àwòrán rẹ̀ ń purọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì wà. Irú tèmi náà wà: èmi ń yẹ ilẹ̀ wò fún àwọn tí ó fẹ́ dá oko kòkó àti ọ̀pẹ láàárín Ifẹ̀, Iléṣà àti Òǹdó, kí wọ́n tó kó owó lé e. Òfin ti dá Nigeria Institute of Soil Science sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ àti láti máa bójú tó iṣẹ́ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí pé àyẹ̀wò ilẹ̀ ìkọ́lé kọ́ ni tiwa. Ti àwọn ẹnjinníà nìyẹn. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹnìkan ń pè mí pé kí n wá wo ilẹ̀ tí òun fẹ́ kọ́lé sí.

N kò ní purọ́ fún yín lórí ìyókù. Iṣẹ́ ìjọba kò pọ̀, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó ohun tí iṣẹ́ náà tó sí. Yàrá àyẹ̀wò tí a ń lò, ọjọ́ tí iná bá wà, kẹ́míkà a tán; ọjọ́ tí kẹ́míkà bá dé, iná a lọ. Lára àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, àwọn kan wà ní báńkì, inú wọn sì dùn níbẹ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ràn kẹ́mísírì, ẹ má tàn án wọ ibẹ̀, nítorí kẹ́mísírì ni yóò máa bá a sùn, tí yóò máa bá a jí. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi mí, pé ṣé obìnrin lè gbẹ́ kòtò mítà 2, ìdáhùn mi ni pé àwa ọkùnrin náà, àwọn òṣìṣẹ́ ni a máa ń gbà kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ojú àti ọwọ́ tí ó wọ inú kòtò lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́.

Ohun tí ọmọ yóò ṣe nínú ìdánwò JAMB kí ó lè wọlé kò le: Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́mísírì, báyọ́lọ́jì tàbí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ó sì fi físíìsì tàbí ìṣirò kún un. Ọdún 5 ni, tí a bá sì yọ ti ìyanṣẹ́lódì kúrò, ọdún 5 ni yóò jẹ́ lóòótọ́. Àkókò gígùn wà nínú rẹ̀ tí wọ́n máa fi ń ṣe iṣẹ́ oko gan-an. Kò sì yẹ kí ẹ máa rán wọn lọ jìnnà. Yunifásítì tí ó wà ní Ifẹ̀ yìí, láti ọdún 1962 tí ó ti ń kọ́ni, nígbà tí ó ṣì wà ní Ìbàdàn kí ó tó kó wá síhìn-ín ní ọdún 1967, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni.

Ohun tí mo ń tọrọ nìyí. Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ṣì ń mú ilẹ̀ rọ̀ tí ìforúkọsílẹ̀ JAMB kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbẹ́ kòtò kan ṣoṣo sí ilẹ̀ ara rẹ̀, kí àwọn ọmọ SS3 tí ń ṣe sáyẹ́ǹsì wọ̀ ọ́ ní méjì-méjì. Bí gbígbẹ́ bá nira, ẹ kó wọn lọ sí ibi tí katakata ti gé òkè lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, kí ẹ jìnnà sí ọkọ̀, kí ẹ sì fi ìlà òkúta tí ó gba àárín ilẹ̀ pupa kọjá hàn wọ́n. Kí ẹ bi wọ́n léèrè bí ó ṣe dé ibẹ̀, kí ẹ má sì dá wọn lóhùn. Èmi yóò gbé ọ̀bẹ, omi àti ìwé Munsell wá, n kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ẹ wá géńdé méjì, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Ẹ má gbẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n wọ bàtà, kí ẹ sì bo kòtò náà lálẹ́ kí ewúrẹ́ aládùúgbò má baà já sí i.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
onímọ̀ ilẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀